Iṣẹ́ Àtilé-ṣe: Ta Ló Ń Jèrè, Ta Ló Ń Sanwó?

Oṣù kẹta tí mo ti ń jókòó ṣiṣẹ́ nílé ni bàbá onílé wa ní Ìkòròdú pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan? Mi ò rí ọ kó o jáde láàárọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti ní kó o máa lọ sílé níbi iṣẹ́ yẹn, má fi pamọ́ fún mi o. Owó ilé lè dúró díẹ̀.” Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì ṣàlàyé pé iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ mi, ilé ni mo ti ń ṣe é. Wọ́n mi orí bí ẹni tó gbọ́, àmọ́ àánú mi ṣì wà lójú wọn.

Nígbà tó yá ni ohun tó rú wọn lójú wá yé mi. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wọ́n. Ojúde ilé ni bàbá tó bí wọn ti ń hun aṣọ òfì títí ó fi darúgbó, kò sì sẹ́ni tó bi í rí pé ṣé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ni ìró òfì ti ń dún, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, aṣọ á ti gùn ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ, ẹni tó ń kọjá á sì fojú ara rẹ̀ rí i. Iṣẹ́ tèmi kì í dún. Mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù, mò ń tẹ nǹkan, ojú mi le, ó parí. Ká ṣiṣẹ́ nílé kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Iṣẹ́ tí etí kò gbọ́, tí ojú kò rí, ló ṣàjèjì.

Àwọn ọ̀gá ńlá tó kàwé ju bàbá onílé lọ náà ní ìṣòro yìí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ojú wọn iṣẹ́: ta ló tètè dé, ta ló kẹ́yìn jáde, ta ló wà nídìí tábìlì rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kúrò lójú wọn, ọkàn wọn kì í balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn fi pọ̀ lórí iṣẹ́ àtilé-ṣe, tí àwọn kan á ní ìtura ni, tí àwọn mìíràn á ní ìmẹ́lẹ́ ni. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Èrè tí wọ́n ń sọ yìí, ibo gan-an ló ti ń wá? Owó tí wọ́n ní àwọn ń dá sí, ṣé kò sẹ́ni tó ń ná an mọ́ ni, àbí àpò ẹlòmíràn ló ti ń jáde?

Ohun mẹ́ta tí orúkọ kan bò mọ́lẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń pè é ní rìmóòtù, wọ́n á sì da ohun mẹ́ta pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan yìí.

Èkíní ni òṣìṣẹ́ tó ní ọ̀gá, tó ń gba owó oṣù, àmọ́ tí kì í fi ẹsẹ̀ kan ọ́fíìsì. Èkejì ni ẹni tó pín ọ̀sẹ̀ sí méjì, bóyá ọjọ́ mẹ́ta lọ́fíìsì, ọjọ́ méjì nílé. Èyí ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, tí kò sì fẹ́ gbà á tán. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó dá dúró, tó ń wá oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń kọ̀wé fún wọn, tó ń ya àwòrán, tó ń ṣe ìkànnì, tí wọ́n ń sanwó iṣẹ́ fún un bí iṣẹ́ bá ṣe ń parí. Ẹni ẹ̀kẹta yìí kò ní ọ̀gá. Ó ní oníbàárà ni, bíi télọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní ìsinmi ọdọọdún, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní owó ìfẹ̀yìntì. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ti ń ṣubú.

Ti àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp pé “jókòó sílé, máa gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lójúmọ́” kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá ní kó o kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù kí òun tó gbà ọ́ síṣẹ́, olè ni.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló sì ṣeé gbé wálé. Bíríkìlà kò lè ti orí Zoom mọ ògiri, nọ́ọ̀sì kò lè ti ilé gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òṣìṣẹ́ láyè láti béèrè fún ètò iṣẹ́ àtilé-ṣe láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá dé ẹnu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá lè kọ̀ tó bá ní ìdí tí òfin fọwọ́ sí. Òfin dáa. Àmọ́ kí ni ti ọmọ wa tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n, níbẹ̀? Arúgbó tó ń wẹ̀ fún wà nínú ilé tirẹ̀, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: èrè tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣiṣẹ́ ló wà fún.

Ojú títì ló bí i

Ọ̀pọ̀ rò pé àrùn Kòrónà ló mú iṣẹ́ àtilé-ṣe wá. Ní tiwa, òótọ́ ni pé ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá kọ́kọ́ gbà kí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lọ sílé. Àmọ́ èrò náà ti dàgbà jùyẹn lọ. Ní ọdún 1973, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Jack Nilles, tó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ojú sánmà rí, wà ní yunifásítì kan ní Los Angeles, ìlú tí ọkọ̀ ti máa ń há bí ti Èkó. Òun ló sọ iṣẹ́ tí a ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe láti ilé lórúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ lọ bá ènìyàn, dípò kí wọ́n máa kó ènìyàn lọ bá iṣẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dáwọ́ epo tí wọ́n ń tà fún Amẹ́ríkà dúró, tí owó epo sì fò sókè. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti ọ̀wọ́n epo ni bàbá àti ìyá iṣẹ́ àtilé-ṣe.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ṣé ẹ ti ń rántí nǹkan? Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kó tó tó ọjọ́ mẹ́ta, lítà epo kan tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦480. Nínú oṣù kẹfà, ìjọba Kwara dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìjọba Edo ní kí tiwọn máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ méjì tó kù. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Èkó náà dín ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá sẹ́nu iṣẹ́ kù. Kì í ṣe pé àwọn gómìnà yìí ṣàdédé fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Wọ́n rí i pé owó oṣù òṣìṣẹ́ fẹ́ máa tán sọ́wọ́ awakọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣàpẹẹrẹ. Nígbà tí mò ń lọ sí Victoria Island lójoojúmọ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń jáde nílé. Kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ dé Kétu, dáńfó láti Kétu dé Ọbaléǹdé lórí afárá Third Mainland, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ mìíràn. Bí Ọlọ́run bá ṣe é, aago méje ààbọ̀ ni mo dé. Aago márùn-ún ni a ń ṣíwọ́, mo sì máa ń wọlé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ìyẹn bí ọkọ̀ epo kan kò bá dojú dé ní Ọ̀jọ́ta. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lóòjọ́. Lọ́nà márùn-ún, ó lé ní wákàtí 32 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mìíràn ló fẹ́ẹ̀ pé yẹn, èmi sì ni mò ń sanwó kí n tó ṣe é. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń sùn, inú ọkọ̀ ni mo ti ń kun àtíkè. Ọmọ mi ọkùnrin máa ń pè mí ní “Màámi Sátidé”, torí ọjọ́ náà nìkan ló máa ń rí mi lójúmọmọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni òṣìṣẹ́ ń jẹ nínú iṣẹ́ àtilé-ṣe, mi ò ní lọ jìnnà. Wákàtí 32 ni. Ohun tó kù, èlé ni.

Ohun tí wọ́n rí ní Shanghai

Ọ̀gá á wá ní: “Ó dáa, o ti rí wákàtí rẹ gbà. Kí ni tèmi níbẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ gidi dáhùn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Ctrip ní Shanghai, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló ń bá ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, tó tún ń bá wọn gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2010, òṣìṣẹ́ wọn tó 16,000. Ohun méjì ló ń dà wọ́n láàmú: owó ilé ní Shanghai ń ga sí i, àwọn tó ń gbé fóònù oníbàárà sì ń fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáá. James Liang, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ń kàwé lọ́wọ́ ní yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, nígbà yẹn. Òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, Nicholas Bloom, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, pinnu pé dípò àríyànjiyàn, kí wọ́n dán an wò.

Wọ́n bi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan òṣìṣẹ́ léèrè. Ìdajì péré ló fẹ́ lọ ṣe é nílé, ó sì yẹ kí èyí ya ẹni tó rò pé gbogbo ayé ló ń sá fún ọ́fíìsì lẹ́nu. Nínú àwọn tó fẹ́, wọ́n mú àwọn tó ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ní yàrá tí wọ́n lè dá jókòó sí. Ó ku nǹkan bí 250. Wọ́n wá fi ọjọ́ ìbí ṣẹ́ kèké fún wọn. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2, 4, 6 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ mẹ́rin, kó wá lọ́jọ́ kan. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 1, 3, 5, kó dúró sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá kan náà, aago kan náà, iṣẹ́ kan náà, fún oṣù mẹ́sàn-án.

Ọgbọ́n kèké yìí ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá jẹ́ kí oníkálukú yàn fúnra rẹ̀, a ò ní mọ̀ bóyá ilé ló mú kí wọ́n ṣe dáadáa ni, àbí àwọn òṣìṣẹ́ kára-kára ló sáré yan ilé. Ọjọ́ ìbí kò mọ aláápọn yàtọ̀ sí ọ̀lẹ.

Nígbà tí wọ́n ṣírò, iṣẹ́ àwọn ará ilé fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ará ọ́fíìsì lọ. Ibi tí 13 yìí ti wá ló dùn mọ́ mi jù. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pẹ́ lórí fóònù ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú aago iṣẹ́ kan náà: wọn kì í sábà dìde lọ sinmi, wọn kì í sábà gba àyè àìsàn. Mẹ́rin tó kù jẹ́ pé ilé parọ́rọ́, wọ́n ń gbọ́ oníbàárà dáadáa, ìpè tí wọ́n ń dáhùn ní ìṣẹ́jú kan sì pọ̀ sí i. Ẹ ò rí i pé kò sí idán níbẹ̀? Àkókò tí ọ́fíìsì ń jẹ ni wọ́n gbà padà, wọ́n sì fún ọ̀gá nínú rẹ̀. Àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn fi ìdajì dín. Ilé iṣẹ́ náà ṣírò pé òun ń jèrè nǹkan bíi $2,000 lọ́dún lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nílé.

Inú wọn dùn débi pé wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n sì ní kí àwọn tó wà nínú ìdánwò náà tún yàn fúnra wọn. Ó lé ní ìdajì tó yí ọkàn padà! Ọ̀pọ̀ tó wà nílé ní àwọn fẹ́ padà sí ọ́fíìsì, torí ìdáwà pọ̀ jù. Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ ni pé bí ẹni tó wà nílé bá ṣiṣẹ́ tó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó wà lọ́fíìsì, ẹni ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń tètè gbé ga. Ẹni tí ojú ọ̀gá kò tó, orúkọ rẹ̀ kì í tètè wá sọ́kàn. Nígbà tí oníkálukú wá jókòó síbi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, èrè 13 yẹn gòkè dé 22.

Ilé iṣẹ́ yìí kan náà, tó ti ń jẹ́ Trip.com báyìí, tún dán òmíràn wò ní ọdún 2021 sí 2022. Òṣìṣẹ́ 1,612 ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe agbéfóònù, àwọn oníṣirò owó wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ń dúró sílé ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì. Àbájáde jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2024: iṣẹ́ kò dínkù, ìgbéga kò dínkù, àmọ́ àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn máníjà ti sọ pé iṣẹ́ máa bàjẹ́ díẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn náà ní ó dáa díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni pé àwọn ọ̀gá wa kì í kà á mọ́ ìnáwó. Bí akọ̀wé tó mọ gbogbo oníbàárà bá lọ, ẹ máa polówó iṣẹ́, ẹ máa dán ènìyàn wò, ẹ máa fi oṣù mẹ́ta kọ́ ẹni tuntun, àṣìṣe rẹ̀ á sì máa jẹ owó yín títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Owó yẹn kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan, àmọ́ ó ń jáde. Àǹfààní mìíràn ni pé ẹni tí kò bá di dandan fún láti wá lójoojúmọ́ lè máa gbé Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá á sì rí ọwọ́ dáadáa gbà níbi tí kò retí. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣe ìhùmọ̀ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ti ń ti ilé ṣiṣẹ́ máa gbé ìlú tó bá wù wọ́n, iṣẹ́ wọn sì fi ìdá 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Jẹnẹrétọ̀ ta ni?

Ọ́fíìsì tí mo ń lọ tẹ́lẹ̀ ní jẹnẹrétọ̀ tó tóbi tó yàrá mi. Láti aago méje àárọ̀ ló ti máa ń ké, dísẹ́ẹ̀lì sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní omi mímu, ó ní gbàlẹ̀gbàlẹ̀. Nígbà tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wa lọ sílé, ọ̀gá wa fi àjà kejì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, dísẹ́ẹ̀lì náà sì wá sílẹ̀ gan-an. Ó sọ ọ́ nínú ìpàdé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò. Iná tó ń gbé láptọ́ọ̀pù mi ṣiṣẹ́, ta ló ń san án báyìí? Èmi. Dátà? Èmi. Epo jẹnẹrétọ̀ kékeré wa? Èmi. Nígbà tí mo ṣírò oṣù kan pé, ó tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀ tí mo ń ná tẹ́lẹ̀. Mo ṣì ń jèrè, mi ò lè purọ́. Àmọ́ ìnáwó ọ́fíìsì kò kú, ó kó wá sílé mi ni.

Ní Nàìjíríà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti Shanghai nìyí. Níbẹ̀, iná wà, ẹni tó lọ sílé kò ní ju àga àti tábìlì lọ láti wá. Tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúnítì iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́ fún, láti ₦68 sí ₦225. Àdúgbò tèmi kò sí ní Band A, torí náà owó iná tiwa kéré, iná náà sì kéré. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, wáyà abẹ́ òkun bíi mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já ní etíkun Côte d’Ivoire. Ọjọ́ mélòó kan ni a fi ń gbé fóònù sókè bí ẹni ń wá òṣùpá. Ọ́fíìsì ńlá lè ní ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì méjì mẹ́ta, bóyá kí wọ́n tún so Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú sánmà wá, mọ́ orí òrùlé, èyí tó ti wà ní Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Èmi ní síìmù méjì àti àdúrà.

Nítorí náà mo lọ bá ọ̀gá, mo gbé ìwé ìṣirò síwájú rẹ̀. Mi ò bínú, mi ò sì bẹ̀bẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ wo iye tí àjà kejì àti dísẹ́ẹ̀lì dá padà fún yín, ẹ wo iye tó ń jáde lápò mi.” A sọ ọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé iṣẹ́ ra ínfátà kékeré kan àti bátìrì fún mi, wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sára rẹ̀, wọ́n sì ń fi owó dátà kún owó oṣù mi. Ẹni tó bá fẹ́ fara mọ́ iṣẹ́ àtilé-ṣe láìbéèrè ọ̀rọ̀ iná àti dátà, ọ̀gá ló ń bá sanwó ọ́fíìsì yẹn.

Ilé náà ní tirẹ̀

Ìyá ọkọ mi wá kí wa lọ́sẹ̀ kan. Mo wà nínú ìpàdé, mo gbé agbọ́hùn sétí, mò ń ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn èèyàn mẹ́jọ. Mo kàn rí i tí ilẹ̀kùn ṣí, Màámi wọlé pẹ̀lú àwo àmàlà àti gbẹ̀gìrì. “Ìyàwó mi, jẹun o. Ó ti pẹ́ tó o ti ń wo fíìmù yìí.” Gbogbo wọn gbọ́. Ọ̀gá mi ní kí n lọ jẹun kó má baà tutù.

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tó wà nídìí ẹ̀rín yẹn kò kéré. Ẹni tó bá wà nílé, gbogbo ayé gbà pé ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. “Ṣebí o wà nílé, bá mi gba ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé wá.” “Ṣebí o wà nílé, lọ lọ ata.” Ó sì máa ń wúwo lọ́rùn àwa obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bí ọkọ mi bá jókòó ti láptọ́ọ̀pù, wọ́n á ní ẹ má pariwo, bàbá ń ṣiṣẹ́. Èmi wá so aṣọ pupa kan mọ́ ilẹ̀kùn. Bó bá wà níbẹ̀, ìpàdé ń lọ lọ́wọ́, kó dà bíi pé mo wà ní Victoria Island. Ó gbà wọ́n tó oṣù kan kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Àwọn ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́ ló ń jìyà jù, èmi ò sì rí kí àwọn tó ń yin iṣẹ́ àtilé-ṣe máa sọ ọ́ tó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n kan ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀. Mo ń wo bó ṣe ń kọ lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi nínú kíláàsì. Ọmọ ọdún 22 tó wà nínú yàrá rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ta ló ń wò? Bó bá ní ìbéèrè kékeré, ojú á tì í láti pe ọ̀gá sórí fóònù. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo bí òṣìṣẹ́ Microsoft tó lé ní 61,000 ní Amẹ́ríkà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ sílé ní 2020, wọ́n rí i pé oníkálukú wá ń bá kìkì àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ sọ̀rọ̀, okùn tó so ẹgbẹ́ kan mọ́ ìkejì sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Fún ìdí yìí, mo fara mọ́ ètò tó pín ọ̀sẹ̀ sí méjì ju ti ilé pátápátá lọ, pàápàá fún ẹni tí kò tíì lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ọ̀gá bá wà lókè òkun

Àbúrò mi kan ríṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní California. Wọ́n ń san dọ́là fún un, gbogbo ẹbí sì ṣàjọyọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló tó mọ̀ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn ni aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa. Tó bá sì di ìgbà òtútù tí wọ́n yí aago tiwọn padà, aago mẹ́fà ni, torí Nàìjíríà kì í yí aago. Ó ń ṣiṣẹ́ di ọ̀gànjọ́ òru, ó ń sùn lọ́sàn-án. Iṣẹ́ New York sàn díẹ̀, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán wa ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀n ló rọrùn jù, aago wa àti tiwọn kan náà ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí kan péré ló sì máa ń wà láàárín wọn nígbà òtútù.

Èyí tó burú ju àìsùn lọ wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, agbaṣẹ́ṣe ni. Òun rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà tó ní ènìyàn 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí ọ̀gá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí òun náà fi ìdá 8 sí i. Agbaṣẹ́ṣe kò ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ìsinmi tó bá gbà, kò sówó rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ó tó, ó tó náà nìyẹn. Owó orí wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú: òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026 kò yọ owó tó ń wọlé láti òkè òkun sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì lọ kéde rẹ̀. Mi ò sọ pé kó kọ iṣẹ́ náà. Dọ́là yẹn ṣì ju ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Mo kàn ní kó yọ owó ìfẹ̀yìntì, owó ìtọ́jú ìlera, owó orí àti owó iná kúrò nínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í wé owó oṣù ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yọ ọ́, ó wọ́gi lé mọ́tò tó fẹ́ rà.

Bàbá onílé ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ọ́fíìsì mi báyìí. Bí wọ́n bá rí mi tí mò ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí àdúrà rẹ̀ gbà. Àmọ́ àwọn ọjọ́ yòókù, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, ariwo rẹ̀ sì pọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dúró lábẹ́ fèrèsé mi.

“Ọmọ mi, ṣé àwọn èèyàn rẹ ti jókòó?”

“Wọ́n ti jókòó, Bàbá. Ó ku ogún ìṣẹ́jú.”

“Ó dáa. Máa hun ún lọ.”